Òdòdó Funfun Tí O Ní Kí N Bá Ọ Ṣọ́

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ.

Monínúọlá, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òkun tó wà lẹ́yìn ilé rẹ ṣì jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè rẹ̀? Lójoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ẹni tó pa ààlà fún omi pé kó má ṣe jẹ́ kí omi náà gbàgbé ààlà rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí Olúwa pa ọ́ mọ́ lọ́wọ́ ìgbì, lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò ní ìjánu, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ojú ayé, àti lọ́wọ́ ìbínú tó bá ti lé ní oṣù márùn-ún. Àmín.

Bí o bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí bàbá rẹ ń kọ lẹ́tà láyé tí gbogbo ènìyàn ń lo fóònù, fóònù náà gan-an ló fà á. Láti oṣù kẹta ni mo ti ń pè ọ́, obìnrin kan ṣáà ló ń gbé e. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ. Mo kọ́kọ́ rò pé akọ̀wé rẹ ni, mo sì dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti gbé ọmọ mi dé ipò ẹni tó ń ní akọ̀wé. Mo kí i dáadáa, mo béèrè ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi pè ọ́ wá. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ohun kan náà ló ń tún sọ, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Mo ní ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé ni. Adébíyìí, àbúrò mi, ní kì í ṣe ènìyàn rárá, pé ẹ̀rọ ni, pé ó jọ pé ìwọ lo tilẹ̀kùn fóònù rẹ mọ́ mi. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adébíyìí fi fóònù tirẹ̀ pè ọ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, tí o gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo ní “Monínúọlá,” tí fóònù sì kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ra bébà. Dírẹ́bà tó máa ń ná Èkó láti gáréèjì Fájuyì ló ní òun yóò mú un dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì yín.

Ilé wà dáadáa. Iṣu tuntun ti jáde, ti oko mi lọ́nà Ìlawẹ́ ta dáadáa lọ́dún yìí. Orúnkún Adébíyìí ṣì ń dùn ún, pàápàá bí a bá ní kó wá bá wa gbẹ́ ebè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ akọrin jà lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nítorí mo wọlé mo rí i pé wọ́n ti kọ orin gàdàgbà gadagba sára ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwó kùn. Mo dìde láàárín ìsìn, mo bú wọn. Kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ògiri náà ti mọ́ tónítóní, n kò sì rí ẹni tó mú àkísà dání, àfi ọmọ kan tó ń pa ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tàn. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé àwọn ọmọ òde òní ṣì ń gbọ́ ìbáwí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ òdòdó. N kò ní fi ọ̀kankan pa mọ́ fún ọ, kódà èyí tí o kò mọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ní kí o lọ sí Ábújá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí o ní kí n wá bá ọ ṣọ́ ilé ní Ìbẹ̀jù, tìdùnnú-tìdùnnú ni mo fi wá. O fi ọgbà kékeré iwájú ilé hàn mí, o fi igi òdòdó funfun mẹ́fà hàn mí, o ní láti Jọ́s ni wọ́n ti gbé wọn wá, o ní róòsì ni, o ní háíbíríìdì ni. Èyíinì yé mi, torí pé mo ti gbin àgbàdo háíbíríìdì rí, a kì í tọ́jú irúgbìn rẹ̀ di ọdún kejì. Lẹ́yìn náà lo tún wá ní háíbíríìdì tíì ni wọ́n ń pe irú róòsì bẹ́ẹ̀. O ní méje ni ọmọ òdòdó tó wà lórí wọn tí kò tíì là, pé wọn yóò là kí ó tó di ọjọ́ ìrántí ọdún kẹwàá ìyá rẹ, pé ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé wọn wá sí sàréè rẹ̀ ní Adó. O kọ ìwé sílẹ̀ fún mi pé kí n máa fi omi mímọ́ wẹ ewé wọn láràárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Monínúọlá, mo rẹ́rìn-ín sínú. Láti kékeré ni mo ti ń roko, n kò tíì rí ohun ọ̀gbìn tí à ń wẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ìdí ni à ń bu omi sí. Nítorí náà ìdí ni mo ń bu ú sí, mo sì pa ewé tì.

Nígbà tí òdòdó kìn-ín-ní là, mo já a, mo sì sè é. Ìwọ lo ní tíì ni. Mo fi mílíìkì sí i, mo fi ṣúgà sí i, mo jókòó sí ìloro bí ọ̀gá, mo sì mu ún. Bí omi tí a fi ṣan síńgílẹ́ẹ̀tì ló rí lẹ́nu. Mo mu ún tán nítorí pé mo mọ̀ pé o rà á lówó gọbọi. Nígbà tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé òdòdó ku mẹ́fà, tí o ní kí ló dé, tí mo ní bóyá ẹyẹ ni, èmi ni ẹyẹ náà. Má bínú.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ létí bí ẹni pé wọ́n fi iná jó wọn. Mo wo abẹ́ rẹ̀, kò sí kòkòrò. Mo wo ìdí rẹ̀, omi wà. Mo wá já ewé kan, mo fi ahọ́n kàn án. Iyọ̀! Ó korò lẹ́nu bí iyọ̀ tí a fi ń tọ́jú ẹran. Mo ní ta ni ọmọ mi ṣẹ̀ ní Ìbẹ̀jù yìí tí ó ń wọ́n iyọ̀ sí i lórí òdòdó? N kò ronú jìnnà. Ilé kan ṣoṣo ló fara ti tìrẹ, èyí tí ìyá arúgbó kan ń dá gbé, Sẹ̀gilọlá, ọmọ Ẹ̀pẹ́, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Mo mú ọ̀pá mi, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Inú ń bí mi, ẹnu Adó ló sì bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní kí ni uyọ̀ ń wá lára òdòdó ọmọ mi? Ó wò mí títí, ó ní kí ló ń jẹ́ uyọ̀? Mo ní uyọ̀, uyọ̀ tí ẹ fi ń sebẹ̀! Ni ojú rẹ̀ bá là. Ó ní háà, ẹ ò tètè wí, ó wọlé, ó sì gbé abọ́ iyọ̀ kan jáde fún mi, ó ní ará ilé kan kì í fi iyọ̀ du ara wọn. Mo gbé abọ́ náà sókè, mo pariwo pé ẹ̀rí rèé, ẹ̀rí ti dé. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì sáré wá.

Sẹ̀gilọlá kò bínú. Ó ní kí n fi ìka mi kan gíláàsì fèrèsé òun, kí n sì fi í sẹ́nu. Iyọ̀. Ó ní kí n kan irin géètì tó ti dógùn-ún. Iyọ̀. Ó na ọwọ́ sí apá ibi tí òkun wà, ó ní láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e wá, pé ọmọ mi kò ní ọ̀tá kankan ju atẹ́gùn lọ, pé ìdí tí a fi ń wẹ ewé nìyẹn. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti dá abọ́ iyọ̀ náà padà.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń wá. Ó ń wẹ igi mẹ́ta, mò ń wẹ mẹ́ta. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò nu abẹ́ ewé láìjẹ́ kí ẹ̀gún gún ni. Ó sọ fún mi pé ọkọ òun ti kú láti ọdún mẹ́jọ, pé àwọn ọmọkùnrin òun mẹ́ta wà ní Kánádà. Mo sọ fún un nípa ìyá rẹ. Mo sọ fún un nípa ohùn ìyá rẹ nínú ẹgbẹ́ akọrin, àti bí ó ṣe máa ń bá mi jà tí mo bá gbé bàtà oko wọlé. Ohun tí n kò sọ ni pé òdòdó tí à ń wẹ̀ yìí, tirẹ̀ ni. N kò mọ ìdí tí n kò fi sọ ọ́. Bóyá mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí òdòdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà là lẹ́ẹ̀kan náà, funfun bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búlúù díẹ̀ fọ̀, kò wá wẹ̀ wọ́n. Mo wo ògiri kọjá. Ó jókòó níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú gèlè tuntun lórí, fóònù wà lórí itan rẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo. Àádọ́rin ọdún ló pé lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù olójú, ó múra sílẹ̀ láti ìdájí, wọ́n sì yọjú lóòótọ́, ó ní ṣùgbọ́n ojú wọn dúró gbagidi bí àwòrán, ẹnu wọn là, ohùn kò jáde, gbogbo rẹ̀ sì parẹ́. Mo ní kó fi fóònù náà sínú oòrùn díẹ̀, bóyá òtútù ló mú un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Monínúọlá, mo wọlé, mo mú ọ̀bẹ ìdáná. Má jẹ́ kí n purọ́ fún ọ pé mo gbàgbé. N kò gbàgbé. Mo dúró níwájú òdòdó wọ̀nyẹn, mo rántí ìyá rẹ, mo rántí ìwọ náà. Mo ní ẹni tó ti sùn láti ọdún mẹ́wàá, bí kò rí òdòdó lónìí, kò ní sunkún. Ẹni tó ń sunkún ló wà lẹ́yìn ògiri yìí. Ni mo bá gé gbogbo rẹ̀, ẹ̀gún fa ọwọ́ mi ya níbi mẹ́ta, mo sì gbé e lọ fún un. Ó ti ojú bọ inú rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní ọdún méjìdínlógójì lòun fi wà nílé ọkọ, òun gba ẹran, òun gba aṣọ, òun gba ìbáwí, ẹnikẹ́ni kò fún òun ní òdòdó rí.

Ohun tí kò yé mi títí di òní ni bí o ṣe mọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, o ti pè láti Ábújá, o ní Bàbá, ta ni ẹ já òdòdó Màámi fún? Mo fura sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó fi Bíbélì búra. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Nǹkan kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni gílóòbù dúdú roboto òkè ilẹ̀kùn rẹ, èyí tí kì í tàn, tó kàn máa ń yí orí bí àparò. Mo ti ń sá síńgílẹ́ẹ̀tì mi lé e lórí láti ọ̀sẹ̀ tí mo dé, òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a kúrò. Mo bi Sẹ̀gilọlá bóyá ó mọ ẹni tó fẹjọ́ sùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, kò sì sọ fún mi.

Nígbà tí o dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo sọ fún mi, o ní Bàbá, òdòdó ìrántí Màámi ni. Mo sì fèsì bí òmùgọ̀, mo ní yóò tún yọ òmíràn. Ìwọ lo fi mọ́tò rẹ gbé mi dé ibi tí mo ti wọkọ̀, o gbé báàgì mi sọ̀kalẹ̀, o kò dúró kí ọkọ̀ kún.

Ọjọ́ ìrántí pé, o kò wá. Àlùfáà béèrè rẹ, mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ọlọ́run gbọ́ irọ́ náà, èmi náà gbọ́ ọ. Adébíyìí ra òdòdó oníke l'Ọ́jà Ọba, ó gbé e lé orí sàréè, ewúrẹ́ kan tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Mo dúró níwájú ìyá rẹ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ojú kò tíì tì mí rí tó ti ọjọ́ náà, n kò sì mọ ẹni tí n óò sọ ọ́ fún.

Ni mo bá pe Sẹ̀gilọlá, mo sọ òtítọ́ fún un, pé òdòdó tí mo fún un, ti ìyàwó mi tó kú ni, pé ọmọ mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, Bàbá Monínúọlá, ẹ sọ mí di olè láìjẹ́ kí n mọ̀. Ó sì pa fóònù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, obìnrin méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Adébíyìí ní a ní kí n lọ ṣọ́ òdòdó, mo lọ fi dá ogun sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹfà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, takisí kan dúró níwájú ilé wa. Sẹ̀gilọlá ló sọ̀ kalẹ̀, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan mọ́ àyà. Igi òdòdó kékeré ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí òdòdó tí mo fún un rọ, kò da igi rẹ̀ nù, ó gún un mọ́ iyanrìn, ó da ọ̀rá bò ó, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́fà ló ta gbòǹgbò. Itan rẹ̀ ló gbé e lé láti Ìbẹ̀jù dé Adó. Kò jókòó. Kò mu omi tí ìyàwó Adébíyìí gbé wá. Ó ní ibo ni wọ́n sin Màmá sí?

A mú un dé ẹ̀yìn ilé. Ó kúnlẹ̀, ó sì bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Ó ní Ìyá Monínúọlá, ẹ má bínú sí mi, wọ́n gbé ohun yín fún mi, n kò mọ̀ pé tiyín ni, mo mú un padà wá. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wá. Mo fẹ́ gbà á, ó ní kí n dúró níbi tí mo wà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀, òun ló gbìn ín, òun ló tẹ ìdí rẹ̀. Adébíyìí, tí kì í gbọ́ràn, ló ṣí fìlà.

Yàrá ìyàwó Adébíyìí ló sùn sí, kí ọkàn rẹ má ṣe rìn. Lọ́jọ́ Ajé kó tó lọ, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. O mọ ohun tí mo béèrè. Ó ní òun ti gba ohun tí kì í ṣe tòun lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ìdáhùn kò sí lẹ́nu òun, ẹnu Monínúọlá ló wà.

Kí n má fi bò fún ọ, ọ̀rọ̀ náà ti dé báńkì. Wọ́n ní kí n wá kún fọ́ọ̀mù tuntun ní báńkì mi ní Fájuyì. Wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n gba ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹni tó jíṣu. Ọmọbìnrin tó ń bá mi kún un dé ibì kan, mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ní ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìbátan mi tó kàn. Mo rò ó dáadáa. Ìwọ ti jẹ́ ìbátan mi láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, Adébíyìí náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kàn. Mo ní kó kọ Sẹ̀gilọlá. Ó ní kí ni wọ́n jẹ́ sí mi, mo ní ìyẹn la ṣì ń dúró dè, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Igi òdòdó náà ti mú Adó. Kò sí iyọ̀ níhìn-ín, ewé rẹ̀ ń dán. Ó ti yọ ọmọ òdòdó kan, funfun ti ń yọjú lẹ́nu rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó là. Adébíyìí ní kí n já a sórí sàréè lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ní kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án nínú ilé yìí. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni ìyá rẹ ti fẹ́ gbà á.

Nítorí náà, owó díẹ̀ ni mo ń tọrọ. Mo fẹ́ owó wáyà tí a ó fi yí òdòdó ká nítorí ewúrẹ́, mo fẹ́ owó oògùn orúnkún Adébíyìí, mo sì fẹ́ owó ọkọ̀ láti Èkó dé Adó fún ẹnì kan. Ti ọkọ̀ yẹn, má fi ránṣẹ́ sí mi. Dírẹ́bà ni kí o san án fún.

Bí o bá dé tí o sì ní rárá nípa ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá, n óò gbà, n kò ní bi ọ́ ní ìdí. Kí o ṣáà ti wá sọ ọ́ lójú mi.

Ọlọ́run tó ń mú òjò padà wá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn yóò mú ọ padà wálé láyọ̀. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ọkàn rẹ kò ní gbẹ, ẹni tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun rere fún ọ kò ní wọ́n ọ nígbà tí ojú rẹ ṣì ríran.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Adédoyin.